Ilé Tútù Tí Wọ́n Ní Kí N Fọwọ́ Sí

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bàbá mi wá sí Amẹ́ríkà, inú ẹ̀wù òtútù ló sì ti ń jẹun nínú ilé mi.

Kì í ṣe pé ìta la ń gbé o. Ilé oníbíríkì ni, ó ní òrùlé, ó ní fèrèsé, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì, orúkọ èmi àti ọkọ mi ló sì wà lórí ìwé rẹ̀. Síbẹ̀, tí mo bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, bàbá mi á fa ọrùn ẹ̀wù náà sókè dé etí, á ki ọwọ́ òsì bọ àpò, á máa fi ọ̀tún jẹun. Kì í ráhùn. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Atẹ́gùn ibí yìí lágbára." Inú yàrá ìjẹun la wà tó fi ń sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé ó yẹ kí n ti gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́kàn. Wọ́n ní ilé ti móoru báyìí, kí ló tún kù? Bàbá mi ló kù.

Pákó ni bàbá mi tà ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kọ̀ fún un. Èmi nìkan ni ọmọbìnrin tó bí. Owó pákó ló fi rán mi lọ sí yunifásítì, níbi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí mò ń ṣe ní ilé ìwòsàn títí dòní. Nígbà tí mo sọ fún un lórí fóònù pé èmi àti ọkọ mi fẹ́ ra ilé, ó ní kí n tún un sọ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Màá wá fi ẹsẹ̀ mi tẹ̀ ẹ́." Ọkùnrin tí kì í fẹ́ wọ bàálù rárá ni o.

Oxon Hill, nítòsí DC, la ń gbé nígbà náà, nínú ilé àyágbé tí owó rẹ̀ ń gun òkè lọ́dọọdún, tí a sì ń gbọ́ gbogbo ìjà tọkọtaya tó wà lókè wa. A wá ilé kiri. Èyí tó wù wá kọjá agbára wa. Èyí tí agbára wa ká, ọkọ mi á yí ojú padà kí a tó dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó yá la rí ilé oníbíríkì kan ní Capitol Heights, tí èèyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé ibùdókọ̀ ojú irin tó ń gbé ọkọ mi lọ síbi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní DC. Ìyá àgbàlagbà kan ló ń gbé ibẹ̀ títí ó fi kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ tà á kíákíá. Àárọ̀ tútù kan la lọ wò ó. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀, èéfín ń jáde lẹ́nu wa. Hítà tó wà ní yàrá abẹ́ ilé, epo ló ń mu, ó sì dá mi lójú pé ó dàgbà jù mí lọ. Gíláàsì fèrèsé fẹ́lẹ́. Òkè àjà kò ní ohunkóhun ju eruku lọ.

Ọkọ mi ní, "Fìríìjì lèyí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Èmi ni mo pe obìnrin tó ń bá wa ṣètò ẹ̀yáwó ní báńkì. Obìnrin aláwọ̀ dúdú ará ibí ni, ohùn rẹ̀ máa ń rọlẹ̀ bíi ti olùkọ́ ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi. Ó ní kí n má sá fún ilé náà. Ó ní móógéèjì kan wà, ìyẹn ẹ̀yáwó ilé, tó jẹ́ pé wọ́n á fi owó àtúnṣe tó ń dín iná jíjẹ kù kún owó tí wọ́n fi ra ilé, kó di ẹ̀yáwó kan ṣoṣo. Báńkì á kọ́kọ́ rán ẹni tó máa yẹ ilé wò, tó máa sọ ibi tí ooru ń gbà sá jáde àti ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Tí a bá ti gba kọ́kọ́rọ́, owó àtúnṣe á wà ní ìpamọ́ lọ́wọ́ báńkì. Agbaṣẹ́ṣe ò ní rí i gbà, àfi tí iṣẹ́ bá parí, tí àwa onílé sì fọwọ́ sí i pé ó parí.

Ó tún ní, "Ẹ bi ilé-iṣẹ́ iná yín pẹ̀lú. Wọ́n ní ribéètì."

Bí mo ṣe mọ̀ nípa ribéètì nìyẹn: owó tí ilé-iṣẹ́ iná ń dá padà fún ẹni tó bá tún ilé rẹ̀ ṣe kó má baà máa fi iná ṣòfò. Èèyàn lè so méjèèjì pọ̀. Ẹ̀yáwó báńkì á ṣe iṣẹ́ náà, ribéètì á sì gbé díẹ̀ kúrò lọ́rùn ẹni. Lójú mi, ó dà bí ìgbà tí èèyàn méjì bá na ọwọ́ sí ẹrù kan náà láti bá ọ sọ̀ ọ́. Mo ka ohun gbogbo tí ilé-iṣẹ́ iná kọ sórí ayélujára. Ohun méjì ni wọ́n ń fẹ́: kí agbaṣẹ́ṣe jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ti fọwọ́ sí, kí àwọn náà sì ṣe àyẹ̀wò tiwọn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú ilé.

Mo mọ̀ ọ́n. Mo sọ ọ́ síta. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

Ẹni tí báńkì rán wá yẹ ilé wò gbé fáànù gìrìwò kan dí ẹnu ilẹ̀kùn iwájú, ó fi aṣọ dí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì tàn án kó máa fa atẹ́gùn inú ilé síta. Ní kíá, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ atẹ́gùn ìta bó ṣe ń wọlé láti ihò iná ara ògiri, láti abẹ́ àtẹ̀gùn, láti etí gbogbo fèrèsé. Ilé náà ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé. Ó ní hítà tuntun tó ń lo iná ló yẹ ibẹ̀, èyí tó tún lè mú ilé tutù nígbà ooru. Kí wọ́n dí gbogbo ihò. Kí wọ́n sì tẹ́ òwú tó nípọn, irú èyí tó ń dá ooru dúró, sí gbogbo òkè àjà, nítorí ibẹ̀ ni ooru ń gbà lọ jù.

Agbaṣẹ́ṣe wá kù. Nínú ìjọ wa ní Glenarden, alàgbà kan wà tó ní ilé-iṣẹ́ àtúnṣe ilé. Ẹsẹ Bíbélì wà lára ọkọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló máa ń dìde gbàdúrà fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé, ohùn rẹ̀ sì máa ń mi gbogbo gbọ̀ngàn. Ọkọ mi pè é wá sílé wa ní Oxon Hill. Ó jẹun, ó yin ọbẹ̀, ó ka ìwé àyẹ̀wò báńkì, ó ní iṣẹ́ kékeré ni.

Mo bi í pé, "Alàgbà, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ wà lára àwọn agbaṣẹ́ṣe tí ilé-iṣẹ́ iná fọwọ́ sí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, àwa ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó wọ ìlú yìí."

"Wọ́n ní àwọn náà fẹ́ ṣe àyẹ̀wò tiwọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀."

"Àyẹ̀wò wo tún ni? Ṣé èyí tí báńkì ṣe kọ́ ló wà lọ́wọ́ mi yìí? Ilé kan náà, atẹ́gùn kan náà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ribéètì sílẹ̀ fún mi, màá bá yín gbà á."

Ọkọ mi fi ẹsẹ̀ kàn mí lábẹ́ tábìlì. Nígbà tí Alàgbà lọ tán, ó bi mí bóyá mo rò pé ẹni tó gbé ọmọ wa lọ́wọ́ nígbà ìsàmì máa purọ́ fún wa. Lọ́jọ́ kejì mo pe ilé-iṣẹ́ iná fúnra mi, mo ní kí wọ́n bá mi wo orúkọ rẹ̀, kí wọ́n sì dá ọjọ́ àyẹ̀wò fún mi. Ẹni tó gbé fóònù ní wọ́n á pè mí padà. Mò ń retí wọn.

Ìgbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n la gba kọ́kọ́rọ́. Báńkì fún wa ní oṣù mẹ́ta tí iṣẹ́ àtúnṣe máa fi parí. Ilé-iṣẹ́ iná ò tíì pè mí padà. Mo sọ fún ọkọ mi pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan, àfi tí wọ́n bá pè. Ó ní òun ti gbọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, Alàgbà gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì hú hítà epo náà kúrò ní yàrá abẹ́ ilé. Nígbà tí mo dé, ihò ńlá ló kù lára ògiri, àti òórùn epo.

Mo pariwo. Ọkọ mi ní Alàgbà sọ pé bí a bá ń dúró de ilé-iṣẹ́ iná, ọdún á yí po. "Ó mọ ohun tó ń ṣe," ló wí.

Bàbá mi dé nígbà tí ewé ti wọ́ tán lórí igi. Mo gbé e láti pápákọ̀ òfuurufú, mo ṣílẹ̀kùn fún un, ó sì fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé, ó dúró, ó gbàdúrà kúkúrú sínú. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í lu férémù ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìka, tó ń gbọ́ ohùn pákó. "Igi gidi nìyí," ló ní. "Àwọn tó kọ́ ilé yìí kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ." Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Ó wá tutù. Hítà tuntun "ti wà lójú ọ̀nà," Alàgbà ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń sọ ọ́ lóṣù kan, ó ń sọ ọ́ lóṣù kejì. Iṣẹ́ ńlá kan bọ́ sí i lọ́wọ́ níbòmíì, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. A ra hítà kéékèèké sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Tí a bá tan mẹ́ta pọ̀, iná apá kan ilé á kú, ọkọ mi á sì sáré lọ sí yàrá abẹ́ ilé lọ tan án padà. Mo gbé èyí tó lágbára jù sí yàrá bàbá mi. Òun a gbé e wá sí yàrá ọmọ mi, á ní òun kì í sun nítòsí nǹkan gbígbóná. Irọ́ ni. Mo mọ bàbá mi n'Ìbàdàn. Lásìkò ọyẹ́, ẹ̀bá ààrò ló máa ń fẹ́ jókòó sí. Ìgbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀wù òtútù jẹun. Ìgbà yẹn náà ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún parí, hítà tuntun dé. Wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n so ó pọ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná láti inú àwọn ihò ilẹ̀. Bàbá mi lọ dúró lórí ọ̀kan nínú àwọn ihò náà bí ẹni tó dé orí ìtẹ́ ọba. Àmọ́ tó bá ti kúrò níbẹ̀, òtútù ni. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru, kò sinmi, ilé kò móoru. Nígbà tí owó iná dé, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo kà á, mo tún un kà. A ò san irú rẹ̀ rí nígbà tí a wà ní Oxon Hill.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ímeèlì ilé-iṣẹ́ iná wọlé, ìdáhùn sí ìwé ribéètì tí mo fi ránṣẹ́ nígbà tí hítà dé. Wọn ò ní fún wa ní ribéètì lórí hítà náà. Mo pè wọ́n. Ọkùnrin tó dá mi lóhùn fi sùúrù ṣàlàyé pé agbaṣẹ́ṣe wa kò sí lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí, kò sì síbẹ̀ rí. Ó ní wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí àwọn tó ṣe àyẹ̀wò, wọ́n sì ti hú hítà àtijọ́ dànù, kò sí ohun tí àwọn lè wò mọ́.

Mo ní, "Mo pè yín ṣáájú. Ẹ ní ẹ máa pè mí padà."

Ó ní òun kò rí àkọsílẹ̀ kankan pé mo pè.

Mo pe obìnrin báńkì. Ó bá mi kẹ́dùn. Ó ní àyẹ̀wò tiwọn wà fún ẹ̀yáwó nìkan, pé ọ̀rọ̀ ribéètì wà láàárín èmi àti ilé-iṣẹ́ iná. Mo bi í pé kí ló dé tí wọn kò kọ ọ́ sínú ìwé àyẹ̀wò wọn pé àyẹ̀wò méjèèjì yàtọ̀ síra. Ó ní òun sọ pé kí n bi wọ́n. Òótọ́ ni, ó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹnu kan ni wọ́n fi ń sọ fún ọ pé kí o so méjèèjì pọ̀, wọ́n á kọ ọ́ síbi gbogbo bí ìròyìn ayọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí okùn bá já, kò sí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n so ó pọ̀ rí. Ìwọ nìkan lo di orí méjèèjì mú.

Mo pe Alàgbà. Mo ní kí n má bú u, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀rẹ̀. "Alàgbà, ilé-iṣẹ́ iná ní àwọn ò mọ̀ yín."

Ó ní, "Hẹn-ẹn, wọ́n ti yí nǹkan padà níbẹ̀. Ìyẹn ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàwó wa, ohun tó ṣe pàtàkì báyìí ni ìwé báńkì. Ẹ bá mi fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ti parí, kí wọ́n lè tú owó yẹn sílẹ̀."

"Ṣé iṣẹ́ ti parí ni? Òwú òkè àjà ńkọ́?"

"A ti tẹ́ ẹ. Ó kún fọ́fọ́. Ẹ ṣí ẹnu ọ̀nà àjà, ẹ ó rí i."

Mo ní ó dáa. Mo wọ ṣòkòtò ọkọ mi, mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo ní kí bàbá mi bá mi di àkàbà mú. Ó ní kí n jẹ́ kí òun gùn ún. Mo ní, "Pẹ̀lú ẹ̀yìn wo, Bàbá?" Mo gun òkè, mo ti pákó tó bo ẹnu ọ̀nà àjà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òwú ni mo kọ́kọ́ rí, funfun, ó ga, ó kún gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Ẹni tó bá yọ orí lásán á sọ̀ kalẹ̀, á fọwọ́ sí ìwé. Ṣùgbọ́n òtútù ń fẹ́ mi lójú. Mo gbé orúnkún lé orí igi, mo rákòrò wọlé, mo tan iná síwájú. Òwú náà kò ju ibi tí ọwọ́ mi lè nà dé lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ kan ilé dé ẹ̀gbẹ́ kejì, igi àjà ló wà níhòòhò, àti eruku ìyá àgbàlagbà tó kú.

Mi ò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó lórí eékún níbẹ̀.

Bàbá mi ké láti ìsàlẹ̀ pé, "Kí lo rí?"

"Ẹnu ọ̀nà nìkan ni wọ́n tẹ́, Bàbá. Inú lọ́hùn-ún ṣófo."

Ó wúkọ́, ó ní, "Àwa náà mọ̀ ọ́n ní Bódìjà. Èyí tó dáa ni wọ́n máa ń tò sókè. Máa sọ̀ kalẹ̀, ìyá mi, kí o má baà jábọ́."

Mi ò fọwọ́ sí ìwé náà. Ọkọ mi dé, mo sọ fún un, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ó di orí mú. Ó ní Alàgbà ti pe òun nígbà mẹ́rin lọ́jọ́ yẹn, pé àwọn ọmọ iṣẹ́ ń béèrè owó wọn, pé ọ̀rọ̀ ti ń tàn ká ìjọ. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé àwa la ba iṣẹ́ àgbà ìjọ jẹ́?" Mo ní kó gun àkàbà lọ wò ó. Ó ní òun gbà mí gbọ́, kò dìgbà tí òun bá wò ó. Mo ní, "Tí o bá gbà mí gbọ́, kí lo fẹ́ kí n fọwọ́ sí?" A kò bá ara wa sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, àfi lórí ọ̀rọ̀ ọmọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, Pásítọ̀ wá pẹ̀lú àwọn àgbà ìjọ méjì. Alàgbà kò bá wọn wá. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n jókòó, bàbá mi jókòó sí kọ̀rọ̀ tirẹ̀. Pásítọ̀ ní àwọn gbọ́ pé aáwọ̀ díẹ̀ wà.

"Kì í ṣe aáwọ̀, sà. Iṣẹ́ ni kò parí."

Ó ní Alàgbà ti ṣàlàyé fún àwọn. Ilé ti parí, ohun kékeré ló kù. Tí mo bá fọwọ́ sí ìwé báńkì, á rí owó san fún àwọn ọmọ iṣẹ́, á sì padà wá ṣe ìyókù. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà fi kún un pé nílùú àjèjì, ọwọ́ ara wa ló yẹ ká máa tún ìwà ara wa ṣe. Wọ́n sọ ọ́ dáadáa, ohùn wọn dùn, mo sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, títí tí mo fi rí i pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó bọ́ ẹ̀wù òtútù. Àgbà kejì kò tilẹ̀ bọ́ fìlà.

Mo ní, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bọ́ ẹ̀wù òtútù yín, kí ẹ lè jókòó dáadáa."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa báyìí, Sístà. A ò ní pẹ́."

"Rárá, sà. Ẹ ní ilé ti parí. Hítà ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ bọ́ ẹ̀wù, kí n lọ se oúnjẹ. Tí ẹ bá lè jókòó síbí láìsí ẹ̀wù títí oúnjẹ máa fi jinná, tí ẹ jẹ ẹ́ tán, màá fọwọ́ sí ìwé náà lójú yín."

Àgbà kan gbé ọwọ́ lé ṣíìpù ẹ̀wù rẹ̀, ó fi í síbẹ̀, kò fà á. Ọkọ mi ń wo ilẹ̀. Pásítọ̀ fi ọwọ́ nu ojú, ó ní, "Sístà, ẹ ti ń bínú jù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mò ń bínú."

Ìgbà yẹn ni bàbá mi la ẹnu. Ó kọ́kọ́ tọrọ gáfárà, ó ní àlejò ni òun. Ó ní, "Ọmọ mi kò ní kí wọ́n ta òun lọ́rẹ. Ohun tí wọ́n gbà láti ṣe ló ní kí wọ́n ṣe. Tí ẹnìkan bá já pákó jíjẹrà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, mi kì í pe ẹbí rẹ̀ wá jókòó. Mo máa ń ní kó kó pákó rẹ̀, èmi náà á sì mú owó mi dání. Ẹ̀yin ènìyàn Ọlọ́run, tí ẹ bá fẹ́ràn Alàgbà yín, òun ló yẹ kí ẹ lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ pé kó wá parí iṣẹ́." Ikọ́ wá mú un, ó sì pẹ́ kó tó dá. Kò sí ẹni tó mọ ibi tó máa wò.

Àdúrà tí Pásítọ̀ gbà kí wọ́n tó lọ ni èyí tó kúrú jù tí mo tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Bí ilẹ̀kùn ṣe padé, ọkọ mi dìde, ó gbé àkàbà láti yàrá abẹ́ ilé. Ó gun òkè. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, òwú wà lára irun rẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó pe Alàgbà níwájú mi. Mi ò gbọ́ kí ọkọ mi bá àgbà sọ̀rọ̀ báyẹn rí. Ó ní, "Ẹ purọ́ fún mi, mo sì gbé irọ́ yín lọ bá ìyàwó mi." Ó pa fóònù. Kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ kejì ló ṣe é, mo sì jẹ́ kó pẹ́ kí n tó dáhùn.

Mo kọ̀wé sí báńkì pé iṣẹ́ kò parí. Wọ́n rán ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, ó gun òkè àjà, ó sì sọ ohun tí mo ti sọ. Wọ́n sún àkókò síwájú fún wa. Alàgbà fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n sì san èyí tó ṣe gan-an fún un, ìyẹn hítà, kò sí ẹyọ kọ́bọ̀ lórí òwú. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi fúnra mi ni mo bá ilé-iṣẹ́ iná sọ̀rọ̀. Mo béèrè orúkọ gbogbo ẹni tó bá gbé fóònù, mo sì ní kí wọ́n fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí ímeèlì mi kí n tó jẹ́ kí wọ́n lọ. Wọ́n rán agbaṣẹ́ṣe tiwọn wá ṣe àyẹ̀wò kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan. Wọ́n fún wa ní ribéètì lórí òwú àti ihò dídí. Ti hítà ti lọ pátápátá, èyí tó sì tóbi jù nìyẹn. Ẹni tí ó sọ ọ́ nù kò san án. Àwa la ń san án, lóṣooṣù, nínú móógéèjì wa.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé ẹyọ òwú kan wá, bàbá mi ti lọ. Ikọ́ náà kò lọ. Dókítà tó rí i ní kó yẹra fún òtútù, ọkọ mi sì ra tíkẹ́ẹ̀tì tuntun fún un, kó lè padà ṣáájú ìgbà tí a jọ fi àdéhùn sí. Ní pápákọ̀ òfuurufú, ó ní, "Ilé rẹ dáa. Pákó rẹ̀ dáa. Má jẹ́ kí wọ́n sọ fún ọ pé kò dáa." Mo ní kó padà wá nígbà ooru. Ó ní a ó rí i. Àwa méjèèjì mọ̀ pé ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní gba ìrìn bẹ́ẹ̀ mọ́.

Oṣù kẹta ni wọ́n parí òkè àjà. Yìnyín ṣì wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ti ẹnu iṣẹ́ dé, mo ṣílẹ̀kùn, ooru sì pàdé mi. Hítà tilẹ̀ ti pa ara rẹ̀, torí kò nílò láti ṣiṣẹ́. Ọmọ mi ń sáré kiri láìwọ ìbọ̀sẹ̀. Ó yẹ kí n dúpẹ́. Mo wọ yàrá tí bàbá mi sùn sí, mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì fi ìrọ̀rí lu ògiri títí apá fi ro mí.

A ò kúrò nínú ìjọ náà. Ìjọ mi ni; èmi kọ́ ni mo ṣẹ̀. Alàgbà ṣì ń kí mi, "Ìyàwó wa, ṣé dáadáa ni?" Mo máa ń dá a lóhùn, nítorí àgbà ni. Lọ́jọ́ ìsinmi kan láìpẹ́ yìí, ó tún dìde gbàdúrà fún tọkọtaya kan tí wọ́n ń ra ilé. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí ni ìyàwó náà, Yorùbá rẹ̀ kò délẹ̀. Mo dúró dè é ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Mo bi í bóyá ó ti bá ilé-iṣẹ́ iná sọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó wọ ilé náà. Ó ní Alàgbà sọ pé òun á bá àwọn ṣe gbogbo rẹ̀.

Mo ní, "Gbọ́ mi dáadáa. Ìwọ fúnra rẹ. Kí ilé-iṣẹ́ iná kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ pé wọ́n mọ Alàgbà, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò tiwọn, kí o tó fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́. Tí wọ́n bá sì ní kí o fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ti parí, gun òkè àjà. Má dúró sí ẹnu ọ̀nà. Wọlé."

Ó ń wò mí, ó ń wo Alàgbà tó dúró lẹ́bàá ọkọ̀ rẹ̀, tí òun náà ń wò wá. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Aunty, ẹ máa forgive mi o, but ṣé ẹ ṣì ń bínú sí wọn ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Mo sì mú fóònù rẹ̀, mo bá a tẹ nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ iná sí i níbẹ̀, mi ò sì dín ohùn mi kù.